Ìyá Hadil Olómi àti Kọfí Tí A Kò Mu

Ní Ayn Sarha, etí ni wọ́n fi ń mọ iye omi tó kù nílé. Obìnrin a gun òrùlé lọ láàárọ̀, a fi eegun ìka máa kan tánkì irin láti òkè wá sílẹ̀, kó, kó, kó, títí ohùn rẹ̀ yóò fi yí padà. Ibi tó bá ti dún gbì, ibẹ̀ ni omi dé. Wasfiya, tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Hadil Olómi, máa ń fọ́nnu pé bí òun bá ti gbọ́ bí aládùúgbò ṣe ń kan tánkì lónìí, òun ti mọ ẹni tó máa pe òun lọ́la. Wọn a fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kó, kó, kó náà kì í dé gbì mọ́ lórí ọ̀pọ̀ òrùlé ní Òkè, àdúgbò tí Wasfiya ń gbé, àwọn èèyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́.

Kì í ṣe òun ló sọ ara rẹ̀ ní olómi. Khalaf ọkọ rẹ̀ ló ń wa táńkà omi. Ẹ̀rọ omi ìlú kì í yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mìíràn sì wà tí kò ní yọ rárá. Nígbà náà ni wọn yóò pe Khalaf pé kó lọ gbé omi wá láti kànga káńsù. Ọjọ́ kan ni táńkà rẹ̀ yí gbiri lọ sí àfonífojì. Wọ́n sin Khalaf, ṣùgbọ́n wọn kò lè sin fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń dún lórí àga, Wasfiya ń wò ó. Nígbà tó yá, ó gbé e. Obìnrin kan ló ń bèèrè pé Khalaf dà, tánkì òun ti gbẹ, òun sì lálejò. Wasfiya ní, “Khalaf ti lọ, ìyá mi. Ṣùgbọ́n omi á dé.” Ó pe Bàbá Ghaleb, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, tí òun náà ń wa táńkà. Omi dé. Bí òwò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Hadil, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Khalaf fi sílẹ̀, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ó sì padà wálé pẹ̀lú ẹnu tó mú bí abẹ. Ó ní etí méjì péré ni ìyá òun ní, gbogbo ìlú ló sì ń ké sí i, etí náà á di lọ́jọ́ kan. Ó jókòó, ó kọ ojú òpó kan sórí ayélujára, ó pè é ní Saqqa, orúkọ tí àwọn baba ńlá wọn ń pe ẹni tó ń fi awọ ewúrẹ́ pọnmi kiri ilé onílé. Bí tánkì rẹ bá gbẹ, o kàn tẹ fóònù rẹ ni. Awakọ̀ tó wà nítòsí yóò rí i, ìwọ náà yóò sì máa wo táńkà bó ṣe ń rá bọ̀ lójú fóònù bí ìjàpá. Kò pẹ́ tí kò fi sí táńkà kan lágbègbè náà tí kò sí lórí Saqqa, owó díẹ̀ tí Wasfiya ń yọ lórí omi kọ̀ọ̀kan sì ni òun àti Hadil fi ń jẹun.

Òfin kan ṣoṣo ni Wasfiya ṣe: ẹni tó bá kọ́kọ́ ké ni a ó kọ́kọ́ bu omi fún. Ìyàwó adájọ́ tò sẹ́yìn ẹni tó ń ṣọ́ gééti rẹ̀. Nígbà tí Ṣéèkì Hayil, àgbà tí gbogbo ìdílé ìlú náà ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ń ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tánkì rẹ̀ gbẹ nígbà tí ẹran mansaf, oúnjẹ tí wọ́n fi ń ṣe àlejò níbi ayẹyẹ, ti wà lórí iná. Baba pè fúnra rẹ̀. Wasfiya ní kí wọ́n má bínú, ilé àwọn kan ṣì wà níwájú wọn. Baba dúró. Lẹ́yìn náà ó máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ láàárín èrò, ṣùgbọ́n àgbà kì í gbàgbé ọjọ́ tí a ní kó tò.

Ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà ooru tó ṣáájú. Omi ẹ̀rọ kò dé Òkè títí ara fi ń kan àwọn èèyàn, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì kó táyà dí ọ̀nà ńlá, wọ́n dáná sun ún. Ọ̀gbẹ́ni Nidal, akọ̀wé àgbà káńsù, pe Wasfiya lórí fóònù. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, kì í gbé ohùn sókè. Ó ní ì bá dára kí àwọn táńkà sinmi díẹ̀ ná lórí ọ̀rọ̀ Òkè, kí àwọn èèyàn náà lè ronú. Wasfiya ní òǹgbẹ kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ó rán táńkà lọ láti ilé dé ilé. Nidal kò bínú. Ó kàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ìyá Hadil, ọwọ́ yín gùn o.” Ẹ̀rín náà ni kò kúrò létí Wasfiya. Ó fẹ́ràn ọ̀tá tó ń pariwo, nítorí èèyàn a máa mọ ibi tí irú wọn wà.

Kò pẹ́ sí i ni Nidal wá kí wọn nílé pẹ̀lú páálí kúnáfà, àkàrà aládùn kan, lọ́wọ́. Ní Ayn Sarha, a kì í bi àlejò pé kí ló gbé e wá. A ó fún un níjòókòó tó dára jù, a ó bu kọfí fún un, ohun tó bá sì bèèrè ni a ó dáhùn. Nidal bèèrè bí Saqqa ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú Wasfiya dùn pé ẹni ńlá fẹ́ mọ iṣẹ́ òun, ó sì ṣí i hàn án látòkèdélẹ̀: àdúgbò tí tánkì wọn máa ń kọ́kọ́ gbẹ, kànga tí àwọn awakọ̀ fẹ́ràn, ilé tó ní arúgbó, ilé tí tánkì rẹ̀ ń jò. Hadil ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o. Nígbà tí àlejò lọ tán, Hadil ní, “Mọ́mì, ẹni tí wọ́n fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para jókòó sídìí iná.”

Wasfiya ní, “Àlejò ni. Ṣé kí n fọwọ́ bò ó lójú ni?”

Òtútù kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ tí ìkéde fi wà lára ògiri káńsù. Ìjọba ń bọ̀ wá ṣí ojú òpó omi tirẹ̀, Omi Ìlú ni orúkọ rẹ̀, kò sì ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ awakọ̀ tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń ra omi. Hadil wo àwòrán tí wọ́n yà sára ìkéde náà, ó sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Saqqa ni wọ́n wọ ẹ̀wù mìíràn fún.

Ohun kan ṣoṣo ló dí Nidal lọ́nà. Òfin kan wà láti olú ìlú pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi owó aráàlú dá òwò sílẹ̀ lórí ayélujára níbi tí aráàlú kan bá ti ń ṣe irú rẹ̀ dáadáa, àfi bí onítọ̀hún bá fọwọ́ sí i. Hadil ló wá òfin náà rí. Ó kọ àtakò, Wasfiya fọwọ́ sí i, wọ́n sì dá ọjọ́rú kan tí aṣojú yóò wá láti olú ìlú gbọ́ ẹjọ́ náà. Bí àtakò bá ṣì dúró lọ́jọ́ náà, Omi Ìlú ti kú nìyẹn. Bí kò bá dúró, Saqqa ló kú.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló wà lẹ́yìn Wasfiya o. Ní ibi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, obìnrin kan sọ ọ́ sí i lójú pé ẹni tó ń jẹun lórí òǹgbẹ ọmọlàkejì ló ń bínú pé ìjọba fẹ́ bu omi lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Wasfiya nítorí pé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Ghaleb sọ ìdí ọ̀rọ̀ ní ọjọ́ tí àwọn awakọ̀ kó ara wọn jọ sí iwájú ilé Wasfiya.

Ó ní, “Káńsù ló ni kànga. Káńsù náà ló ń fún wa níwèé àṣẹ ọkọ̀. Bó bá tún wá di ẹni tó ń yan ilé tí a máa gbé omi lọ, ọjọ́ tí inú bá bí i sí àdúgbò kan, ta la fẹ́ ké sí? Ìyá Hadil, ẹ̀yin lẹ dúró láàárín. Ẹ má kúrò níbẹ̀.”

Wasfiya ní òun ò ní kúrò. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹnì kan ló ń ṣe é. Bí táńkà Saqqa bá tò sí ìdí kànga, wọ́n á ní ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ ni. Bàbá Ghaleb lọ tún ìwé àṣẹ ṣe, wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti lọ jẹun, ẹni náà sì ń jẹun fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Ọkọ̀ funfun kan máa ń dúró ní ìsàlẹ̀ òpópónà Wasfiya láàárọ̀, ẹnikẹ́ni kì í jáde nínú rẹ̀. Hadil ní kí ìyá òun fọkàn balẹ̀, òfin wà lẹ́yìn àwọn. Wasfiya ní òfin ń gbé olú ìlú, àwọn ń gbé Ayn Sarha.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́rú náà ni ìránṣẹ́ Ṣéèkì Hayil dé bá Mutlaq, ẹ̀gbọ́n Wasfiya. Baba ní òun àti àwọn àgbà kan ń bọ̀ nílé Mutlaq lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ní ohun tí àwọn fẹ́ tọrọ. Ìránṣẹ́ kò sọ ohun náà, Mutlaq kò sì bèèrè, nítorí a kì í bèèrè. Inú ọgbà kan náà ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ń gbé. Nígbà tí Khalaf kú, Mutlaq ló wó ògiri ilé ara rẹ̀ kí ó lè kọ́ yàrá mọ́ ọn fún àbúrò rẹ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń kùn bí oyin. Kò fi ṣe ìrègún rí.

Mutlaq wọlé tọ̀ wọ́n wá, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ọmọ ọmọ Ṣéèkì tó jẹ́ dókítà eyín ń wo Hadil ju bí wọ́n ṣe ń wo eyín lọ, òun ti kíyè sí i. Ta ni yóò tún máa wá bí kì í bá ṣe torí Hadil?

Hadil ní, “Bàbá, ta ni mo rán pé kó bá mi wá ọkọ?”

Mutlaq ní, “Pa ẹnu mọ́. Kọfí lásán la fẹ́ sè. A ò tíì ní ká dì ọ́ lẹ́rù.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wasfiya náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí ló gun òrùlé lọ, ó kan tánkì, ó sì rí ọkọ̀ funfun náà ní ìsàlẹ̀ òpópónà.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé, pálọ̀ Mutlaq kún. Àwọn àgbà jókòó yí ògiri ká nínú ẹ̀wù ńlá wọn, Ṣéèkì Hayil wà lókè. Ilé ìdáná ni Wasfiya wà, ó ń wò wọ́n lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ funfun náà ló dé gbẹ̀yìn. Nidal ló bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó wọlé jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí bàtà wà, bí ẹni tí kò fẹ́ gba àyè ẹnikẹ́ni.

Ta ló ń mú akọ̀wé káńsù dání lọ tọrọ ìyàwó? Wasfiya pe fóònù Mutlaq. Ó gbọ́ ọ tó ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láti bọ̀wọ̀ fún àlejò. Ó sáré dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó sì dúró. Obìnrin kì í wọ àárín irú ìjókòó bẹ́ẹ̀. Hadil wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ẹ wọlé, Mọ́mì. Ẹ kàn wọlé.” Ọwọ́ Wasfiya ti wà lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré ló di ọwọ́ náà mú.

Nínú pálọ̀, wọ́n ti bu kọfí. Ṣéèkì Hayil gba ife tirẹ̀, kò mu ún. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀. Gbogbo àwọn tó bá a wá gbé tiwọn kalẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá wá tọrọ nǹkan ni kì í mu kọfí, àfi bí onílé bá fún un ní ohun tó bá wá. Bí kọfí bá tutù, tí àlejò sì dìde láì mu ún, onílé ti tẹ́ nìyẹn. Baba bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó mẹ́nu ba oúnjẹ àti iyọ̀ tó wà láàárín ìdílé méjèèjì, ó ní ẹ̀bẹ̀ ni àwọn bá wá.

Ẹni ọ̀làwọ́ ni Mutlaq, ó sì fẹ́ kí ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Onílé tó dúró títí wọ́n fi dárúkọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n èyí tó fi í lélẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ọmọ ọmọ.

Ó ní, “Ṣéèkì, ẹsẹ̀ tó gbé yín dé ilé yìí ti tó. Ẹ mu kọfí yín. Ohun tí ẹ bá wá, ẹ ti rí i gbà.”

Ẹyin lohùn. Wasfiya gbọ́ ọ tó fọ́. Ó gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé ife, bí wọ́n ṣe ń fi ọpẹ́ àti ìyìn bo Mutlaq mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ṣéèkì sọ ohun tí wọ́n wá. Ó ní kí ọmọbìnrin ilé yìí, Ìyá Hadil, yọwọ́ nínú àtakò rẹ̀ kí ọjọ́rú tó pé, nítorí àlàáfíà ìlú. Ó sì dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ gbà pé àlàáfíà ni. Nidal ti ṣèlérí fún un pé káńsù yóò gbẹ́ kànga tuntun sí Ìsàlẹ̀, àdúgbò tirẹ̀.

Mutlaq wo àwọn ife tó ti ṣófo. Ó wá ní, “Ẹ ti mu kọfí.” Ìyẹn nìkan ló sọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá sí ilé ìdáná, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò ní àyè láti wọlé sínú ilé ara rẹ̀.

“Mo ti pa ọ́, Wasfiya.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń lé yín? Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tán?”

“Mo rò pé torí Hadil ni.”

“Torí omi ni.”

Ó fọwọ́ nu ojú. “Bí o bá ní kí n lọ bá wọn, kí n sọ fún Ṣéèkì pé ọ̀rọ̀ mi kì í ṣe ọ̀rọ̀, màá lọ nísinsìnyí. Sọ ọ́, màá lọ.”

Wasfiya mọ̀ pé yóò lọ lóòótọ́. Ó sì mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Kò sí ilé tí wọn yóò ti tún bu kọfí fún Mutlaq mọ́. Kò sẹ́ni tí yóò fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ láya. Ìjà àtijọ́ tó wà láàárín wọn àti ìdílé kan nílùú, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu Mutlaq nìkan ló dì í mọ́lẹ̀, yóò dìde padà. Ó wo ògiri tí Mutlaq wó nítorí rẹ̀. Inú ń bí i débi pé ì bá fi kẹ́tù kọfí náà lu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò ní lọ síbì kankan.”

Hadil kò gbà. Ó ní òfin kò mọ kọfí, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ife kan lè pa ẹjọ́. Ìyá rẹ̀ ní, “Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́rú kan náà ni òfin máa wọ ọkọ̀ padà sí olú ìlú. Ìwọ wá sọ fún mi, ta ló máa ṣẹ́kù tí yóò máa bá bàbá rẹ Mutlaq jókòó?” Hadil bú sẹ́kún, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́rú, aṣojú náà dé, obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀ tó sì ti ka gbogbo ìwé náà dáadáa. Ó ní òun ti yẹ Saqqa wò, kò lábùkù, àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ẹni tó ń di òṣùwọ̀n mú kò yẹ kó tún gbé ọjà kalẹ̀. Ìgbà náà ni Wasfiya dìde, ó ní òun yọwọ́.

Aṣojú wò ó pẹ́. “Ṣé ẹnì kan ló fipá mú yín, ìyá?”

Nidal wà níwájú, Ṣéèkì Hayil wà lápá òsì, Mutlaq wà lẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀. Bàbá Ghaleb dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Wasfiya ní, “Rárá. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi.” Nígbà tó fi máa yíjú sẹ́nu ọ̀nà, Bàbá Ghaleb ti lọ.

Omi Ìlú bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó yẹ ká sọ òtítọ́. Táńkà ń yára, ó sì rọ àwọn èèyàn lọ́rùn ju ti Saqqa lọ, obìnrin tó bú Wasfiya níbi búrẹ́dì sì ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, ṣé ó ti rí i báyìí. Ìwé àṣẹ àwọn awakọ̀ jáde, a sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé Omi Ìlú nìkan ni wọ́n gbọdọ̀ máa bá ṣiṣẹ́. Hadil pa Saqqa dé fúnra rẹ̀. Ó kó lọ sí olú ìlú lọ wáṣẹ́, kì í sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù àfi lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ooru wá mú. Àwọn ará Òkè tẹ fóònù wọn, Omi Ìlú dá wọn lóhùn pé, “A ti gba ìbéèrè yín.” Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó tún dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀. Kò bú wọn, kò ní òun kò ní wá. Wọ́n ń wo táńkà lójú fóònù bó ṣe ń rá bọ̀, tí yóò dé ẹsẹ̀ òkè, tí yóò sì yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Wasfiya jáde sí òpópónà lọ́jọ́ kan tí ọkọ̀ Bàbá Ghaleb ń kọjá, omi ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè. Bàbá Ghaleb rí i. Ó dẹwọ́ ọkọ̀ díẹ̀, ó wo fóònù tó wà níwájú rẹ̀, ó sì tẹ ọkọ̀ lọ. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Nígbà tí arúgbó kan dákú lórí òrùlé níbi tó ti ń kan tánkì rẹ̀, Wasfiya wé gèlè dúdú rẹ̀, ó sì lọ sí ilé Ṣéèkì Hayil ní Ìsàlẹ̀, òun nìkan. Obìnrin kan kì í ṣe irú rẹ̀. Ó ṣe é. Inú pálọ̀ ńlá náà ló bá baba, kò sí èrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Baba fún un níjòókòó, ó bi í léèrè àlàáfíà Mutlaq, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ bu kọfí fún un láti inú kẹ́tù idẹ.

Wasfiya gba ife náà. Kò mu ún. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sì ká ọwọ́ lé itan.

Baba wo ife náà. Ó mọ ohun tó jẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Ìyá Hadil, kí lo fẹ́?”

“Ṣéèkì, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ ní kí wọ́n rán omi sí Òkè.”

Baba ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní wọn kò gbẹ́ kànga náà. Òun sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun, lójú gbogbo mọ́ṣáláṣí, pé Nidal kò mú ìlérí ṣẹ. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ọmọ òun bá ti tẹ fóònù, Omi Ìlú á ní òun ti gba ìbéèrè wọn. Ó fi àgbọ̀n rẹ̀ júwe igun pálọ̀, níbi tí kẹ́ẹ̀gì kan wà tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Ó ní èyí tí ọmọ òun gbé wá láti ìlú mìíràn nìyẹn, inú rẹ̀ ni wọ́n ti bu omi kọfí.

“Bí mo bá ní kí o mu ún, irọ́ ni mo pa,” ni ó wí. “Mi ò ní ohun tí mo lè fún ọ.”

Wasfiya dìde. Kò bú u, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù ú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. Ṣéèkì Hayil ti gbé ife náà nílẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀. Ní ilé yẹn, láti ìgbà ayé baba rẹ̀, kọfí tí àlejò kò bá mu, ilẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí. Baba ṣí ìdérí kẹ́tù, ó sì rọra da kọfí náà padà sínú rẹ̀, kò jẹ́ kí ó kán sílẹ̀.